OMI FÚN PẸ́PẸ́YẸ ÀTI ÀWỌN ẸRAN Ọ̀SÌN WA NÍ ÀKÓKÒ ỌYẸ́

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé orí owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn tí kì í tètè wá sí ìpàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ omi ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ yẹ ìwé àwọn tí ó yá owó ẹgbẹ́ láti fi sin ẹran wò, a rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń san owó wọn déédéé láti oṣù Igbe títí di oṣù Ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di Ṣẹrẹ, Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ẹni tí ó ń kó ẹyin jáde tẹ́lẹ̀ á ní adìẹ òun kò yé mọ́. Ẹni tí ó ní pẹ́pẹ́yẹ 15 á ní ó ku 8. Wọn á ní ayé ni, wọn á ní àrùn ni, àwọn mìíràn á tilẹ̀ máa fi ojú burúkú wo aládùúgbò wọn. A lọ wo ilé ẹran àwọn kan ní agogo méjì ọ̀sán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí a sì bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dá ifá sí: abọ́ omi ti gbẹ, eruku ni ó wà nínú rẹ̀. Pé àrùn ń pa adìẹ nínú ọyẹ́, òótọ́ ni, a ó dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran tí òùngbẹ ti lù pa dé ìdajì ni àrùn kì í pẹ́ parí.

Ohun tí ó fa èyí ni pé ọ̀pọ̀ wa rò pé nígbà tí òtútù bá ń mú, ẹran kò nílò omi púpọ̀. Àwa náà sáà mọ̀ pé láàárọ̀ ọyẹ́, omi tútù kì í wu ènìyàn í mu. Ṣùgbọ́n kí ni ọyẹ́ gan-an? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, tí ó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní apá àríwá, tí ó sì ń kó eruku lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú eruku náà ń ti ibi kòtò ńlá kan ní ilẹ̀ Chad wá, tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Bélú tàbí nínú oṣù Ọ̀pẹ, ó sì lè wà títí di ìdajì oṣù Ẹrẹ́nà. Òtútù rẹ̀ kò ju alẹ́ àti àárọ̀ lọ. Bí oòrùn bá ti ga, ooru ni. Ṣé ẹ rí bí aṣọ tí a sá ní àkókò ọyẹ́ ṣe ń gbẹ kíá, tí ètè wa ń là, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ya? Bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe ń fa omi kúrò lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa omi kúrò nínú ara ẹran, láti inú èémí rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Omi tí ẹran pàdánù nínú ọyẹ́ kò ṣeé fojú rí, òun ni kò ṣe dẹ́rù bà wá.

Ní ìlú òyìnbó, ní Ìlú Ọba àti ní Kánádà níbi tí àwọn ọmọ wa kan wà, ìṣòro tiwọn nígbà òtútù ni pé omi máa ń di yìnyín nínú abọ́ ẹran. Àgbẹ̀ ibẹ̀ á máa fọ́ yìnyín láàárọ̀ àti lálẹ́, á máa gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ fún pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Omi tiwa kì í dì, ó ń pòórá ni. Ó ń gbẹ nínú abọ́, ó ń gbẹ nínú odò, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kànga títí okùn fi ń kúrú. Ẹran tí ó ń wo yìnyín àti ẹran tí ó ń wo abọ́ òfìfo, òùngbẹ kan náà ni ó ń gbẹ àwọn méjèèjì.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òwe náà dára, a kò sì fẹ́ bà á jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ẹran sọ fún wa pé adìẹ kò ní ihò òógùn lára rárá. Ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ooru bá mú un ni kí ó la ẹnu, kí ó máa mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀, kí omi ara rẹ̀ lè máa bá èémí jáde, kí ara rẹ̀ lè tutù. Nítorí náà, adìẹ tí kò bá rí omi mu kò ní ohun tí yóò fi tutù. Nígbà tí ẹ bá rí i tí ó na ìyẹ́ apá sílẹ̀, tí ó la ẹnu sílẹ̀, òógùn tí òwe ń wí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò fún àwọn tí ń ta ẹyin, nítorí pé ibẹ̀ ni owó wà. Nínú ẹyin kan, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni omi. Ẹni tí ń ta ẹyin, omi ni ó ń tà. Adìẹ tí ń yé ń jẹ oúnjẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́, ó sì ń mu omi tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ yẹn nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Èyí ni pé 100 adìẹ á mu kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru ọ̀sán bá mú gidi, wọ́n lè mu tó kẹ́ẹ̀gì méjì. Ẹni tí ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kan fún wọn nínú oṣù Agẹmọ, tí ó sì ń gbé ẹyọ kan náà fún wọn nínú oṣù Èrèlé, ó ti fi omi dù wọ́n láìmọ̀. Adìẹ tí kò bá rí omi kò ní jẹun dáadáa, torí omi ni oúnjẹ fi ń lọ. Bí omi bá wọ́n fún ọjọ́ kan péré, ẹyin á dín kù, kò sì ní padà sí iye tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í re ìyẹ́, ó di pé kí a máa bọ́ wọn lásán. Owó oúnjẹ tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná lórí adìẹ tí kò yé, ẹ fi wé owó kẹ́ẹ̀gì omi kan.

Ó wá kan pẹ́pẹ́yẹ

Pẹ́pẹ́yẹ tí ó pọ̀ jù lọ ní ilé wa, èyí tí ó ní ẹran pupa kókókó lójú, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ti apá Gúúsù ni ó ti wá. Ẹyẹ tí ó le ni, kì í ṣàìsàn bí adìẹ òyìnbó, ìdí nìyí tí a fi ń gba àwọn obìnrin ẹgbẹ́ níyànjú láti sìn ín. Ṣùgbọ́n líle rẹ̀ yìí ni ó ń tàn wá jẹ. A á ní ó máa wá omi fún ara rẹ̀. Nínú òjò, yóò rí i lóòótọ́: gọ́tà, àbàtà, kòtò ẹ̀yìnkùlé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?

Àwọn kan ní pẹ́pẹ́yẹ tí kò bá rí odò wẹ̀ kò ní yè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé ilé láìwẹ odò láti ìgbà tí wọ́n pa á títí tí a ó fi tà á, irú tiwa yìí tilẹ̀ ń gùn orí ilẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe láìní ni omi tí ó jìn tó láti ri gbogbo orí rẹ̀ bọ̀. Inú omi ni ó ti ń fọ ojú rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀. Nínú ọyẹ́ tí eruku pọ̀ yìí, bí kò bá rí ibi tí yóò ti fọ imú, ojú rẹ̀ á máa ṣepin, á lẹ̀ pọ̀, imú á dí. Ohun kejì ni oúnjẹ. Bí a bá da èérí àgbàdo gbígbẹ tàbí oúnjẹ adìẹ sílẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ tí kò sí omi nítòsí, ó lè há a lọ́fun kí ó sì pa á. Ẹ wò ó nígbà tí ó bá ń jẹun: á bu oúnjẹ, á sáré lọ sí ibi omi, á padà wá. Kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Kí omi àti oúnjẹ wà nítòsí ara wọn, kí ẹ má sì fi oúnjẹ sílẹ̀ níbi tí omi bá ti tán.

Abọ́ tí ó wà nílẹ̀ gbagada kò dára fún pẹ́pẹ́yẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti wọ inú rẹ̀, ó ti yàgbẹ́ sí i, ó ti da ìyókù nù. Èyí tí kò sì dànù, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbé e lọ láti ojú abọ́ tí ó fẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ni kí ẹ wá. Ẹ gbé e nà ró, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé fèrèsé kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí etí ìsàlẹ̀ fèrèsé náà fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 ga sí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi ọ̀bẹ gbígbóná dán etí rẹ̀ kí ó má baà gé wọn lọ́rùn, kí ẹ sì ju òkúta kan tí ó wúwo sí ìdí rẹ̀. Orí á wọlé, ara kò ní lè wọlé. Bí ẹ bá gé fèrèsé méjì, kí wọ́n kọjú síra. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé orí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àwọ̀n irin tí ó wà lórí kòtò kékeré, kí èyí tí ó bá kán sílẹ̀ má di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ìdí abọ́ omi ni pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn jù láti fi ẹnu wá nǹkan jẹ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni àìsàn sì ń gbé.

Ẹ fi lítà 1 sí orí pẹ́pẹ́yẹ kan lóòjọ́, èyí tí yóò mu àti èyí tí yóò dà nù. Ẹ má da omi ìdọ̀tí wọn nù lásán o. Ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ wà nínú rẹ̀, ajílẹ̀ ni. Ẹ̀bù tẹ̀tẹ̀ tí a bá fi bomi rin nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò ní jẹ́ kí ìyá ọmọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà.

Èyí tí ó ń sàba ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Adìẹ ń fi ọjọ́ 21 pamọ, pẹ́pẹ́yẹ tiwa yìí sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 35. Ọjọ́ 35 nínú ọyẹ́ kì í ṣe kékeré. Gbogbo ẹyin ni omi inú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a bá ń sàba lé e lórí, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, á dín kù kọjá ààlà, awọ inú ẹyin á gbẹ mọ́ ọmọ lára, kò sì ní lè jáde. Ẹ ti rí i rí: ẹyin tí ọmọ ti ń sọ, tí kò lè là, tí ó kú síbẹ̀. Ìyá pẹ́pẹ́yẹ máa ń kúrò lórí ẹyin ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ láti jẹ, láti mu, kí ó sì wẹ̀, á wá gbé omi ara ìyẹ́ rẹ̀ padà sórí ẹyin. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ lè gbé báàfù ìwẹ̀ fún nínú gbogbo wọn, ìyá tí ó ń sàba ni kí ẹ gbé e fún. Kí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ó má baà rìn jìnnà tí ẹyin á fi tutù.

Ti àwọn ọmọ rẹ̀ yàtọ̀. Òróró ara ìyá wọn ni kì í jẹ́ kí omi rin wọ́n gbingbin. Bí ó bá jẹ́ adìẹ ni ó pa wọ́n, tàbí ẹ̀rọ, wọn kò ní òróró yìí. Bí wọ́n bá bọ́ sínú omi láàárọ̀ ọyẹ́, òtútù á pa wọ́n. Àwo tí kò jìn ni kí ẹ fi bu omi fún wọn, kí ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ tí ẹnu nìkan á fi lè wọlé.

Ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀

Ewúrẹ́ ni a máa ń fi omi dù jù, nítorí a gbà pé kò fẹ́ràn omi. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Nínú òjò, ewé tútù tí ó ń jẹ ti ní omi nínú, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó bèèrè. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ti di pòròpórò, èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá sórí àpáta ni à ń fún un, èyí sì ń mú òùngbẹ wá. Ẹ fi lítà 2 sí orí ewúrẹ́ kan, kí ẹ fún èyí tí ó ń tọ́ ìbejì ní ìlọ́po méjì rẹ̀, torí omi ni wàrà. Ewúrẹ́ a máa ṣe fáàrí: bí omi bá ní ìgbẹ́ tàbí òórùn, kò ní fẹnu kàn án, àfi tí òùngbẹ bá fẹ́ẹ̀ pa á. Ẹ gbé garawa rẹ̀ lé ibi tí ó ga ju ìrù rẹ̀ lọ. Láti mọ̀ bóyá omi ti tán lára rẹ̀, ẹ fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀ kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bí awọ náà bá dúró bẹ́ẹ̀ kí ó tó padà, omi ti tán lára rẹ̀, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ẹlẹ́dẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. A mọ àwọn tí ń lọ kó oúnjẹ àṣẹ́kù láti ilé olóúnjẹ wá fún ẹlẹ́dẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ iyọ̀ tí kò sì rí omi mu fún ọjọ́ kan tàbí méjì, iyọ̀ náà á gun orí rẹ̀: á máa rìn bí afọ́jú, á máa fi orí sọ ògiri, á jókòó bí ajá, gìrì á gbé e. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ẹ bá sáré gbé omi kún iwájú rẹ̀ nígbà yẹn tí ó sì mu ún lámujù lẹ́ẹ̀kan, ó lè pa á kíákíá. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Abo ẹlẹ́dẹ̀ tí ń fún ọmọ lọ́mú lè mu lítà 20 lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá ní kànga nítòsí kò yẹ kí ó yá owó ẹgbẹ́ fún ẹlẹ́dẹ̀. Èrò tiwa nìyẹn, ìgbìmọ̀ kò tí ì fi ọwọ́ sí i.

Ibo ni omi yóò ti wá?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Lítà omi 1 wúwo kílò 1. Kẹ́ẹ̀gì 25 lórí ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, ìyà ni, a kò sì ní purọ́ pé ẹran ọ̀sìn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, bí mẹ́ruwà bá ń tà á fún wa láti Ṣẹrẹ dé Ẹrẹ́nà, èrè á bá omi lọ. Òjò ni a ní.

Bí òjò tí ó jìn ní mílímítà 1 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú àti mítà 1 lóròó, lítà omi 1 nìyẹn gẹ́lẹ́. Ilé tí òrùlé pánù rẹ̀ gùn ní mítà 10 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 6, mítà 60 ní ìlọ́po ni. Òjò kan tí ó bá rọ̀ dáadáa, tí ó tó mílímítà 20, á da lítà 1,200 sórí rẹ̀. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí tí ó ta dànù, ó ku lítà 960, nǹkan bí dúrọ́ọ̀mù márùn-ún, nínú òjò ẹyọ kan! Gbogbo rẹ̀ ni a sì ń wò tí ó ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Òjò Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà ni ó dára jù láti gbà pamọ́, torí òjò ìṣáájú ti fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí pánù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sòótọ́. Ẹni tí ó ní pẹ́pẹ́yẹ 20, adìẹ tí ń yé 50 àti ewúrẹ́ 6 á lo nǹkan bí lítà 60 lóòjọ́ nínú ooru. Oṣù mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ 90, ó di lítà 5,400. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 kan kò lè tó o ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò ní táńkì ńlá, kí omi òjò jẹ́ àfikún, kí kànga jẹ́ ìpìlẹ̀, kí ó sì dín ẹran kù kí ọyẹ́ tó wọlé. Oṣù Ọ̀pẹ ni ọjà pẹ́pẹ́yẹ ń yá jù, nítorí Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Akọ kan tó fún abo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí ni à ń fi àwọn akọ yòókù ṣe tí wọ́n ń mu omi, tí wọ́n ń jà? Ẹ tà wọ́n. Ẹran 12 tí ó ń mu omi yó sàn ju 30 tí a ó máa sin òkú rẹ̀ lọ.

Ní ti ìjà ìdí kànga, ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dọọdún. Kí àwọn ènìyàn máa pọn tiwọn láàárọ̀, kí olówó ẹran bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́wàá nígbà tí omi bá ti sun padà. Garawa tí a fi ń bomi fún ẹran kò gbọdọ̀ wọ inú kànga. Ẹran kò sì gbọdọ̀ dé ìdí kànga rárá. Omi ni kí a gbé lọ bá ẹran. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, ewúrẹ́ á mu ún. Èyí tí ó ní ọṣẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ dà á sí nídìí.

Àwọn tí ó bá fẹ́ ra ohun tí wọn yóò fi gba omi, ẹ má ra dúrọ́ọ̀mù tí kẹ́míkà ti wà nínú rẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Ẹ bò ó, kí ẹ̀fọn má yé sí i, kí ọmọdé má sì kó sínú rẹ̀. Kí oòrùn má ta sí i, nítorí omi tí oòrùn bá ń ta sí nínú ike funfun á hu èéhù. Àmù tí àwọn ìyá wa ń lò kò tí ì di ìgbàgbé: omi tí ó ń sun jáde lára amọ̀ ń gbẹ, bí ó ṣe ń gbẹ ni ó ń mú ooru lọ, nínú ọyẹ́ ni ó sì ń tutù jù. Omi tútù láti inú àmù ní agogo kan ọ̀sán, adìẹ á mu ún ju omi gbígbóná inú ike lọ.

Fún adìẹ, kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa tó. Ẹ lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítòsí ìdí, kí ihò náà rẹlẹ̀ ju etí àwo tí ẹ ó gbé e lé lọ. Ẹ fi ìka dí i, ẹ rọ omi kún un, ẹ dé e pinpin, kí ẹ wá gbé e sínú àwo. Omi á ṣàn títí yóò fi bo ihò, á sì dúró, torí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Bí adìẹ bá mu ún tí ihò sì yọ, òmíràn á jáde. Bí omi kò bá dúró, ìdérí ni kò le, ẹ má bú kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ máa fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ gbogbo abọ́ wọ̀nyí lójoojúmọ́. Bí omi kànga bá ń fura, síbí ìpotíì kan bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà tó fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi oògùn àjẹsára sínú omi adìẹ, kò gbọdọ̀ sí bílíìṣì nínú omi náà, láti ọjọ́ kan ṣáájú títí di ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, torí á pa oògùn náà kí ó tó dé ọ̀fun adìẹ. Àrùn tí à ń bá jà nínú ọyẹ́ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Newcastle, tí ń yí adìẹ lọ́rùn tí ó sì ń mú un yàgbẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ gba oògùn rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ mú omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí ẹ po oògùn mọ́ omi kànga tútù nínú ike, kì í ṣe nínú irin, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì níbi tí oòrùn kò dé.

Ẹ má sì jẹ́ kí adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ mu omi nínú abọ́ kan náà. Yàtọ̀ sí ìdọ̀tí, àìsàn ẹyẹ tí wọ́n rí ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oṣù Èrèlé 2006, tí ó tún padà wá ní 2015 àti 2021, pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e kiri láìṣàìsàn kankan, kí ó sì fi ìgbẹ́ àti omi ẹnu rẹ̀ kó o ran adìẹ. Ní ọdún 2006 yẹn, odindi ilé adìẹ ni wọ́n ń pa tí wọ́n sì ń sin.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń kó ẹyẹ láti oko wá sí ọjà, tiyín kò pọ̀. Omi tí ó bá jáde lára ẹyẹ lójú ọ̀nà, ìwọ̀n ni ó bá lọ, oníbàárà tí ó bá sì gbé pẹ́pẹ́yẹ sókè wò á mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀. Ẹ fún wọn lómi kí ẹ tó dì wọ́n sínú agọ̀, ẹ rìn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì gbé omi kalẹ̀ kí ẹ tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí a gbé ọ̀rọ̀ rírà táńkì àti dúrọ́ọ̀mù lápapọ̀ wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí owó rẹ̀ lè rọ̀ wá lọ́rùn, kí ẹni tí ó bá gbà á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àwìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó fi ìgbésẹ̀ tàbí okùn wọn òrùlé rẹ̀ ní ìbú àti òró, kí ó ka ẹran rẹ̀ ní irú kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Òjò Ọ̀wàrà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà a ó dìbò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.